Owó Àìròtẹ́lẹ̀ Lórí Ẹ̀rọ Inú Ọkọ̀: Àgbéyẹ̀wò Láti Ṣàngó-Ọ̀tà

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní ti kọjá ẹ́ńjìnnì, jíà àti táyà. Kọ̀ǹpútà kéékèèké pọ̀ nínú rẹ̀: ọ̀kan ń darí ẹ́ńjìnnì, òun ni àwọn mẹ́káníìkì ń pè ní brain box, òmíràn ń bá a dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀, òmíràn wà nínú rédíò, òmíràn ń fi máàpù hàn lójú skíríìnì, òmíràn sì ń bá ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ sọ̀rọ̀ láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù. Irin ọkọ̀ tí wọ́n tọ́jú dáadáa lè lo 20 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀mí àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí kì í gùn tó bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n gbára lé, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, máàpù, fóònù àti sọ́fítíwíà, ń yí padà kíákíá. Bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá wá fẹ́ tún wọn ṣe tàbí kó fi tuntun rọ́pò wọn, iye tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ fún un kì í sábà jẹ́ iye tí yóò san kó tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé.

Owó mẹ́ta ló máa ń wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èkíní ni owó ohun tí wọ́n fẹ́ rà gan-an: skíríìnì, rédíò, kọ́kọ́rọ́ tàbí kámẹ́rà. Èkejì ni owó ìbámu, ìyẹn gbogbo ohun tí yóò jẹ́ kí èyí tí wọ́n rà wọ inú ọkọ̀ náà kó sì bá a ṣiṣẹ́: férémù, sọ́kẹ́ẹ̀tì, wáyà àti iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀kẹta ni owó àṣẹ: kóòdù, ìforúkọsílẹ̀, owó oṣooṣù tàbí ti ọdọọdún tí ẹ̀rọ náà kò ní ṣiṣẹ́ láìsí i. Èkíní ni ọlọ́jà máa ń sọ. Méjì tó kù máa ń yọjú nígbà tí dáṣíbọ́ọ̀dù bá ti wà ní títú, tí oníbàárà kò sì lè sọ pé òun kò ṣe mọ́. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ tó ń wọ Ṣàngó-Ọ̀tà

Ṣàngó-Ọ̀tà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí Èkó àti Ògùn ti pààlà. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta gba àárín rẹ̀ kọjá. Láti Ṣàngó náà ni ọ̀nà Ìdírókò ti yà, tó gba Ojú-Ọ̀rẹ́, Ìyànà-Ìyẹsì àti Àtàn lọ títí dé ẹnubodè orílẹ̀-èdè Benin. Ilé iṣẹ́ ńláńlá kún àgbègbè náà, tírélà sì ń wọ ibẹ̀ tọ̀sán-tòru. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́, olùkọ́ yunifásítì àti oníṣòwò náà ń wa ọkọ̀ tiwọn lójú pópó kan náà, láàárín eruku, kòtò àti omi òjò tí kì í jẹ́ kí wáyà àti skíríìnì sinmi.

Tòkunbọ̀, ìyẹn ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun, ló pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀nà Kútọnu ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà wọlé. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017 ni òfin ìjọba àpapọ̀ tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti àwọn ẹnubodè náà pa. Ìdírókò wà lára àwọn tí wọ́n ṣí padà ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, ṣùgbọ́n èbúté ọkọ̀ ojú omi ṣì ni ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ fún ọkọ̀. Ní ọdún 2020, UNEP, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká, gbé ìròyìn kan jáde pé láàárín ọdún 2015 sí 2018, ọkọ̀ àlòkù tó tó mílíọ̀nù 14 ló kúrò ní Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà lọ sí ilẹ̀ mìíràn, àti pé ìpín 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló dé Áfíríkà.

Ó túmọ̀ sí pé ẹni tó ń wa Camry tí wọ́n ń pè ní Big Daddy tàbí Muscle, tàbí Accord tí wọ́n ń pè ní End of Discussion tàbí Evil Spirit, lójú ọ̀nà Ìjòkó lónìí, ó lè jẹ́ ẹni kẹta tàbí ẹni kẹrin tó ni ọkọ̀ náà. Àdéhùn tó wà láàárín ẹni àkọ́kọ́ àti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kò tẹ̀ lé e wá. Ìwé tó ṣàlàyé rédíò rẹ̀ kò tẹ̀ lé e wá. Kódà, kọ́kọ́rọ́ kejì kì í sábà tẹ̀ lé e wá.

Ohun tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ mìíràn

Kí á tó pe ẹ̀rọ kan ní èyí tó bàjẹ́, ó yẹ kí á mọ̀ bóyá wọ́n ṣe é fún ilẹ̀ yìí rárá. Bọ́tìnì SAT tàbí XM tó wà lára rédíò ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá jẹ́ ti SiriusXM, rédíò orí sátẹ́láìtì tí wọ́n ń sanwó fún, tó sì wà fún Àríwá Amẹ́ríkà nìkan. Kò sí oníṣẹ́ kan ní Ṣàngó tó lè mú un sọ̀rọ̀. Bákan náà ni bọ́tìnì SOS tó wà lókè orí awakọ̀: ilé iṣẹ́ ìpè kan ní òkè òkun ló ń dáhùn rẹ̀, ó sì nílò ìforúkọsílẹ̀ àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ti bá a ṣe àdéhùn.

Máàpù inú ọkọ̀ náà ní ìṣòro tirẹ̀. Sátẹ́láìtì GPS ń ṣiṣẹ́ kárí ayé, nítorí náà ọkọ̀ mọ ibi tí òun wà. Ṣùgbọ́n díìsìkì tàbí káàdì máàpù tó wà nínú ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá kì í sábà ju Amẹ́ríkà àti Kánádà lọ. Ojú skíríìnì á kàn funfun láìsí ọ̀nà kankan lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ra díìsìkì tuntun nítorí ìyẹn, tí owó rẹ̀ sábà máa ń lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, yóò rí ọ̀nà tuntun ní Texas, kò ní rí Ọ̀tà. Owó àkọ́kọ́ tó yẹ kí oníbàárà sá fún ni owó tí wọ́n ń san láti jí ohun tí kò lè jí.

Bí ìgbà ṣe ń kọjá lórí ẹ̀rọ

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ń gbà di ti àtijọ́. Àkọ́kọ́ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù ni ti Nissan Leaf, ọkọ̀ oníná tó jáde láti ìparí ọdún 2010. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì 2G ni àwọn tó kọ́kọ́ jáde ń lò láti bá fóònù olówó wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí AT&T, ilé iṣẹ́ fóònù kan ní Amẹ́ríkà, fẹ́ pa 2G rẹ̀ ní ìparí ọdún 2016, Nissan ní kí ọ̀pọ̀ olówó ọkọ̀ náà san dọ́là 199 kí wọ́n lè gbé ẹ̀rọ 3G sí i. Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2022, AT&T pa 3G náà. Ohun tí wọ́n sanwó lé lórí kò ju nǹkan bí ọdún márùn-ún lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Nissan dá iṣẹ́ áàpù Leaf àtijọ́ dúró ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ọkọ̀ náà sì ń rìn dáadáa.

Ọ̀nà kejì ni ìṣirò ọjọ́. GPS ń ka ọ̀sẹ̀ láti 0 dé 1,023, lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ láti 0. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1999 àti oṣù Kẹrin ọdún 2019. Ẹ̀rọ tí sọ́fítíwíà rẹ̀ kò gbára dì fún un á ṣi ọjọ́ kà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2022, aago inú ọ̀pọ̀ Honda àti Acura tó ní máàpù padà sí ọdún 2002. Kò sí fíúùsì tí wọ́n lè pààrọ̀, kò sí wáyà tí wọ́n lè tún so tí yóò wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Honda sọ pé ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ni aago yóò tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá ti sanwó fún ríwáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, láàárín ìgbà náà, asán ló san.

Ọ̀nà kẹta ni kí ohun èlò náà fúnra rẹ̀ gbó. Ibi ìpamọ́ inú kọ̀ǹpútà Tesla Model S àti Model X kan kún, ó sì gbó nítorí kíkọ nǹkan sínú rẹ̀ léraléra, skíríìnì àti kámẹ́rà ẹ̀yìn wá ń kú. Àwọn tí àkókò gàràǹtì wọn ti kọjá ló ń fi owó ara wọn tún un ṣe. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, lẹ́yìn tí àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú pópó ti dá sí i, Tesla pe nǹkan bí ọkọ̀ 135,000 padà láti tún wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì gbà láti dá owó padà fún àwọn tó ti san. Owó tí wọ́n ti ń pè ní ẹrù olówó ọkọ̀ di ẹrù ẹni tó ṣe ọkọ̀, nígbà tí ẹni tó ní agbára òfin bèèrè.

Rédíò tó ń bèèrè kóòdù

Láti rí bí owó àṣẹ ṣe ń bá èèyàn lójijì, kò sí ohun tó hàn gbangba tó rédíò Honda. Bátìrì Accord kan kú. Oníbátìrì fi tuntun sí i láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn. Rédíò ni kò dáhùn: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lójú rẹ̀, CODE. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ó má bàa wúlò fún olè tó bá yọ ọ́. Gbàrà tí iná bá kúrò lára rẹ̀, ó gbàgbé olówó rẹ̀. Káàdì kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà ọ̀hún sí ti wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ náà ní Amẹ́ríkà.

Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé ẹni tó ni ọkọ̀ á máa gbìyànjú nọ́ńbà oríṣiríṣi. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́wàá tó bá ṣì í, rédíò á ti ara rẹ̀ pa, ó sì di dandan kí wọ́n tan án sílẹ̀ fún wákàtí kan kó tó tún gbà. Ó wá di ọ̀rọ̀ oníṣẹ́. Oníṣẹ́ kan á ní kí wọ́n ra rédíò mìíràn. Òmíràn á gba owó láti ṣí i. Bẹ́ẹ̀, lára ọ̀pọ̀ Honda, bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì 1 àti 6 pọ̀ bí wọ́n ṣe ń tan rédíò, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ á jáde sójú rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, ìyẹn VIN, ni Honda Amẹ́ríkà ń lò láti fún olówó ọkọ̀ ní kóòdù lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Oníbátìrì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kó dé ibẹ̀ rárá: á so bátìrì mìíràn mọ́ wáyà ọkọ̀ kó tó yọ ti àtijọ́, kí iná má bàa kúrò lára rédíò.

Kò sí ìrẹ́jẹ nínú kí oníṣẹ́ gba owó ìmọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń dun oníbàárà ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún un kí wọ́n tó yọ bátìrì. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Skíríìnì Android

Bí rédíò àtijọ́ bá ti sú èèyàn, skíríìnì ńlá tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Android ni wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀. Ó ń fi máàpù inú íntánẹ́ẹ̀tì hàn, ó ń so mọ́ fóònù, ó sì ń sọ inú ọkọ̀ àtijọ́ di bíi tuntun. Iye tí ọlọ́jà ń dá lé e jẹ́ ti skíríìnì nìkan. Owó ìbámu rẹ̀ ló gùn.

Férémù ni yóò kọ́kọ́ bèèrè, nítorí ihò tí rédíò Corolla fi sílẹ̀ kò rí bí ti Sienna. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá wáyà ọkọ̀ náà mu tẹ̀ lé e. Níbi tí kò bá sí, oníṣẹ́ á gé sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ kúrò, á sì máa so wáyà pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ọkọ̀ tó jẹ́ tuntun díẹ̀, bọ́tìnì ara sitiárì kì í bá skíríìnì sọ̀rọ̀ àyàfi tí àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní canbus bá wà láàárín wọn. Toyota tó bá ní ẹ̀rọ ohùn JBL ní ampilifáyà tirẹ̀ níbòmíràn nínú ọkọ̀. Bí wọn kò bá so ó bó ṣe yẹ, skíríìnì á tàn, ohùn kò ní jáde. Kámẹ́rà ẹ̀yìn, wáyà rẹ̀ tó gùn láti iwájú dé búùtù, àti èéríà rédíò tún wà níbẹ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, ojú skíríìnì àtijọ́ ni wọ́n ti ń darí AC. Ẹni tó bá yọ ọ́ láìbèèrè lè rí i pé òun ti fi AC san owó skíríìnì.

Wáyà méjì ló ń fi oníṣẹ́ tòótọ́ hàn yàtọ̀. Wáyà yẹ́lò ń gba iná nígbà gbogbo, òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ rántí ohun tó wà nínú rẹ̀. Wáyà pupa ń gba iná nígbà tí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ nìkan. Bí oníṣẹ́ bá fi ìkánjú so méjèèjì mọ́ iná tí kì í kú, skíríìnì kò ní sùn mọ́jú, bátìrì á sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Oníbàárà á lọ ra bátìrì, á tún ra òmíràn, láìmọ̀ pé wáyà pupa kan ló ń pa á. Owó bátìrì yẹn jẹ́ ara owó skíríìnì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló lọ.

Ohun tí wọ́n kọ sójú skíríìnì pẹ̀lú kì í sábà jẹ́ òtítọ́. Àwọn skíríìnì kan wà tó ń pe ara wọn ní Android tuntun pẹ̀lú mémórì 4GB tàbí 8GB, nígbà tí ohun tó wà nínú wọn kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí sọ́fítíwíà lè kọ ohunkóhun tí wọ́n bá ní kó kọ. Ìdánwò tó dára ni kí wọ́n tan máàpù, orin àti kámẹ́rà ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Èyí tí kò bá ní agbára á falẹ̀ tàbí kó dákú níbẹ̀.

Owó dátà náà ń bẹ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Skíríìnì ń jẹ dátà láti orí fóònù tàbí láti orí síìmù tirẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, gba àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láyè láti fi ohun tó tó ìpín 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Ẹni tó bá gba máàpù Nàìjíríà sórí fóònù rẹ̀ sílẹ̀, tó sì so fóònù mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, á rí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí skíríìnì ń ṣe láìtú ohunkóhun.

Kọ́kọ́rọ́, brain box àti skáànì

Nínú orí kọ́kọ́rọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní ni ẹ̀rọ kékeré kan wà tí brain box ń dá mọ̀. Bí kò bá dá a mọ̀, ẹ́ńjìnnì kò ní dáhùn, bí kọ́kọ́rọ́ tilẹ̀ wọ ihò rẹ̀ tó sì yí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n rà ní gbàǹjo ní òkè òkun ló dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀kan bá wà, ṣíṣe èkejì rọrùn: wọ́n á gé irin rẹ̀, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ kọ́ brain box láti mọ̀ ọ́n. Bí èyí tó wà náà bá sọnù, ìṣirò á yí padà. Ó lè di dandan kí wọ́n tú brain box sílẹ̀ tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń sún kọ́kọ́rọ́ kejì síwájú nítorí owó kékeré ń fi owó ńlá pamọ́ de ọjọ́ iwájú.

Skáànì ni owó tí ìbéèrè pọ̀ lórí rẹ̀ jù. Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ihò OBD-II, oníhò 16, tó sábà máa ń wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá awakọ̀. Ẹ̀rọ kékeré olówó pọ́ọ́kú tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ lè ka kóòdù check engine níbẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá bíi ti Launch tàbí Autel, tó lè wọ inú brain box, airbag àti ABS, ń ná oníṣẹ́ lówó gọbọi, àti pé lẹ́yìn àkókò ọ̀fẹ́ tó bá a wá, oníṣẹ́ á máa sanwó kó tó lè gba sọ́fítíwíà tuntun. Òun náà ń san owó àṣẹ. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ kan fi ń gba owó skáànì kó tó fọwọ́ kan ọkọ̀, tí ẹnìkejì rẹ̀ tó ń lo ẹ̀rọ kékeré sì ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tó yẹ kí oníbàárà mọ̀ ni pé kíka kóòdù àti pípa kóòdù rẹ́ kì í ṣe àtúnṣe. Bí wọ́n bá pa iná check engine láìtún ohun tó tàn án ṣe, ọkọ̀ á tún ara rẹ̀ yẹ̀ wò bó ṣe ń rìn, iná á sì padà. Ẹni tó san owó lẹ́ẹ̀mejì fún iná kan náà ti san owó ìparẹ́ lẹ́ẹ̀mejì; kò tíì san owó iṣẹ́.

Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ilé iṣẹ́ ní Ọ̀tà ní irú tiwọn. Ẹ̀rọ tracker tó ń sọ ibi tí tírélà wà ní síìmù nínú, ó sì ní owó ọdọọdún. Èyí tó jẹ́ 2G nìkan ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Leaf fi hàn pé ẹni tó bá ń ra tuntun fún ọkọ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, 4G ló yẹ kó rà.

Owó oṣooṣù ní òkè òkun

Ọkọ̀ tí yóò di tòkunbọ̀ lọ́la ń kó owó àṣẹ púpọ̀ bọ̀. BMW gba dọ́là 80 lọ́dún lórí CarPlay, ètò tó ń so iPhone mọ́ skíríìnì ọkọ̀, ní Amẹ́ríkà, títí ariwo àwọn oníbàárà fi mú kó fi í sílẹ̀ ní ìparí ọdún 2019. Ní ọdún 2022, ó ń gba pọ́n-ùn 15 lóṣù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbóná ìjókòó tó ti wà nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó fi ìyẹn náà sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Mercedes kéde ní ọdún 2022 pé ẹni tó bá san dọ́là 1,200 lọ́dún ní Amẹ́ríkà ni àwọn ọkọ̀ oníná rẹ̀ kan yóò túbọ̀ yára fún. Ní ìparí ọdún 2021, àwọn tó ni Toyota kan gbọ́ pé bọ́tìnì ara kọ́kọ́rọ́ tó ń tan ẹ́ńjìnnì láti òkèèrè kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn àkókò ọ̀fẹ́, àyàfi tí wọ́n bá forúkọ sílẹ̀.

Ohun èlò wà nínú ọkọ̀, olówó ọkọ̀ ti san owó irin rẹ̀, síbẹ̀ sọ́fítíwíà ló ń pinnu bóyá yóò ṣiṣẹ́. Nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀nà Ìdírókò, ẹni tó rà á lè rí bọ́tìnì tó pé pérépéré, tí ẹni tí yóò san owó rẹ̀ fún kò sí ní orílẹ̀-èdè yìí.

Ìdí tí owó fi ń gòkè

Dọ́là ni wọ́n fi ń ra gbogbo ohun èlò wọ̀nyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bí náírà 460 lọ́jà ìjọba. Lẹ́yìn tí wọ́n yí ètò pàṣípààrọ̀ padà ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ó gòkè títí ó fi lé ní náírà 1,500 ní ìparí ọdún 2024. Ohun tó jẹ́ 100 dọ́là kúrò ní náírà 46,000, ó lé ní 150,000. Oníṣẹ́ tó dárúkọ iye kan lọ́jọ́ Ajé lè dé ọjà Ládiípọ̀ ní Múṣin lọ́jọ́ Ẹtì kó rí i pé iye ti yí.

Àwọn ìdí mìíràn wà tó jẹ́ ti oníṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kò lè rí ohun tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù títí yóò fi tú u, pàápàá bí ọwọ́ mìíràn bá ti so wáyà ibẹ̀ ní ìsokúsọ tẹ́lẹ̀. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá sọ gbogbo iye ní ìbẹ̀rẹ̀, oníbàárà lè lọ bá ẹni tó sọ ìdajì rẹ̀, bí ẹni yẹn tilẹ̀ máa gba ìyókù lẹ́yìn. Nípa bẹ́ẹ̀, olóòótọ́ ń pàdánù iṣẹ́, ẹni tó fi iye pamọ́ ń rí i gbà. Oníbàárà tó ń yan iye tó kéré jù láìbèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tí òfin sọ

Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń mú ṣẹ, ní kí olùtajà fi iye ọjà hàn, kó má sì gba ju iye tó fi hàn lọ. Ó tún ní kí wọ́n jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ bí ọjà kan bá jẹ́ àlòkù tàbí àtúnṣe. Agbára òfin náà wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ló ń bá a ṣiṣẹ́. Nínú ọgbà mẹ́káníìkì, ẹnu ni àdéhùn, ẹnu sì ni gbèsè. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú ẹlòmíràn, kò sí ìwé tó fi iye àkọ́kọ́ hàn.

Òkè òkun náà ní òfin tó kan ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ àtúnṣe ní ọdún 2012, kí mẹ́káníìkì tó dá dúró lè rí ìmọ̀ àti ẹ̀rọ àtúnṣe rà bí ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀. Ní ọdún 2020, nǹkan bí ìpín 75 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tún dìbò pé kí ìsọfúnni tí ọkọ̀ ń fi ránṣẹ́ lórí afẹ́fẹ́ wà lára rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yìí kan Ọ̀tà pẹ̀lú, nítorí ẹ̀rọ àti ìmọ̀ tó bá di ti gbogbo ènìyàn níbẹ̀ máa ń dé ọwọ́ ríwáyà níhìn-ín.

Ohun tó lè dín ìjà kù

Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n pín iṣẹ́ sí ìpele méjì. Oníbàárà á san owó àyẹ̀wò tó mọ níwọ̀n, oníṣẹ́ á tú ohun tó yẹ kó tú, lẹ́yìn náà ló máa dárúkọ owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ti ohun èlò, ti ìbámu, àti ti àṣẹ. Bí oníbàárà bá ní òun kò ṣe mọ́, owó àyẹ̀wò nìkan ló bá a lọ. Èyí ń gba oníṣẹ́ lọ́wọ́ àdánù, ó sì ń gba oníbàárà lọ́wọ́ ìgbèkùn dáṣíbọ́ọ̀dù tó ti tú.

Èkejì ni kí iye náà wà ní kíkọ, ì báà ṣe lórí WhatsApp, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí oníṣẹ́ fi dúró fún iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí ohun tí wọ́n yọ padà sọ́wọ́ olówó rẹ̀. Rédíò ilé iṣẹ́ ní iye lórí, ó sì lè wúlò bí tuntun bá kọ̀. Ẹ̀kẹrin jẹ́ ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra tòkunbọ̀: kó bèèrè kóòdù rédíò àti kọ́kọ́rọ́ kejì kó tó sanwó, kó ya fọ́tò nọ́ńbà wọn sínú fóònù, kó tan gbogbo bọ́tìnì wò, kó sì yọ iye èyí tí kò ṣiṣẹ́ kúrò nínú owó ọkọ̀. Ibẹ̀ ni agbára oníbàárà pọ̀ sí jù. Lẹ́yìn tó bá ti sanwó tán, òun nìkan ni yóò máa gbé e.

Ẹ̀karùn-ún wà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ bíi NATA àti àjọ NADDC tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ṣíṣe ní Nàìjíríà. Ríwáyà tó kọ́ṣẹ́ lórí ọkọ̀ tí kò ní ju fíúùsì àti bọ́ọ̀bù lọ nílò ẹ̀kọ́ lórí canbus, skáànì àti brain box, kó má bàa jẹ́ pé ọkọ̀ oníbàárà ni yóò ti máa kọ́ ọ. Bí ẹgbẹ́ ní Ṣàngó, Ojú-Ọ̀rẹ́ àti Ìyànà-Ìyẹsì bá fẹnu kò lórí owó àyẹ̀wò kan, tí wọ́n sì sọ kíkọ iye sílẹ̀ di àṣà, olóòótọ́ kò ní máa pàdánù iṣẹ́ fún ẹni tó ń fi iye pamọ́.

Kò sí ẹ̀rọ tí ìgbà kò ní kọjá lórí rẹ̀, kò sì sí àtúnṣe tí kò ní náni lówó. Owó tí oníbàárà mọ̀ kí wọ́n tó tú bóòtù àkọ́kọ́, owó iṣẹ́ ni, á sì fi ìdùnnú san án. Èyí tí wọ́n sọ fún un lẹ́yìn tí wọ́n ti tú u, bó ti wù kó kéré tó, ìrẹ́jẹ ni yóò kà á sí, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè rẹ̀.